Owó ọjà láti Kétu dé Kútọnu: ibo ló yẹ kó wà?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Aṣọ ni mo ń tà ní Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo ń lọ ra ọjà ní Kútọnu, nígbà mìíràn mo máa ń gba Ìlárá kọjá sí Abẹ́òkúta. Owó tí mo ń kó dání máa ń tó 600,000 sẹ́fà. Inú ọ̀já kan ni mo ń di gbogbo rẹ̀ sí, mo ń so ó mọ́ ìdí lábẹ́ ìró. Lóṣù tó kọjá, ẹnìkejì mi lọ́jà wá 200,000 tì láàárín Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) àti Kútọnu, kò sì mọ ìgbà tí wọ́n mú un. Àwọn èèyàn ní oògùn ni wọ́n fi gbà á. Láti ìgbà náà ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́. Ọmọ mi ní kí n kó gbogbo owó sórí MoMo, àpò owó orí fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n máa fi rán awakọ̀ tí a jọ mọ ara wa. Èwo ni kí n ṣe? Àbí kí n kàn máa mú ọmọ mi ọkùnrin dání?" Ìyá Aláṣọ, Kétu.

Ìyá wa, ẹ kú ìrìn, ẹ kú ọjà. Ìbẹ̀rù yín ní ìdí, nítorí 600,000 sẹ́fà kì í ṣe owó tí aláṣọ ń kó jọ lọ́sẹ̀ kan. Èrè ọ̀pọ̀ oṣù ló wà nínú rẹ̀, owó àjọ ẹlòmíràn sì lè wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ibi tí ẹ lè fi í sí tí olè kò fi ní rí i ni ẹ ń béèrè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ ẹnìkejì yín dáadáa. Kò sọ pé ẹnikẹ́ni tú òun wò, kò sọ pé wọ́n fi ìbọn dá ọkọ̀ dúró. Ó kàn wá owó tì ni. Á jẹ́ pé owó náà ti jáde síta lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán, kó tó dé Kútọnu: nígbà tó ń san owó ọkọ̀, tàbí nígbà tó ra omi, tàbí nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ lọ tọ̀. Owó tó jókòó jẹ́ẹ́ lábẹ́ ìró kì í sábà sọ nù. Ìgbà tí a bá ń yọ ọ́ ló ń lọ, àti ìgbà tí a bá ń dá a padà. Nítorí náà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ máa rò kí ẹ tó kúrò nílé ni iye ìgbà tí ẹ máa yọ owó lọ́jọ́ náà, ibi tí ẹ ti máa yọ ọ́, àwọn tó máa wà níbẹ̀, àti iye tí ojú wọn máa rí.

Kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ oògùn kúrò lọ́nà, nítorí òun ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn wádìí ohun tó ṣe wọ́n. Ẹni tó bá gbà pé oògùn ni, kò ní yí ọwọ́ padà, ọ̀nà kan náà ni wọ́n á sì tún gbà mú un. Ọwọ́ yíyá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lẹ́nu bodè. Ẹni tó ń ṣẹ́ owó á ka owó lójú yín, á kó o fún yín pé kí ẹ tún un kà. Ẹ ó kà á, á dín 1,000. Á bẹ̀ yín, á gbà á padà, á fi 1,000 lé e lórí níṣojú yín, á ká a, á tì í bọ̀ yín lọ́wọ́. Èyí tó fi lé e lẹ̀yin ń wò. Ìka rẹ̀ ti fa ìwé mélòó kan yọ nísàlẹ̀. Nítorí pé ẹ ti kà á lẹ́ẹ̀kan, ẹ kò ní kà á mọ́ títí ẹ ó fi délé. Òmíràn máa ń ṣẹ́ ìwé owó kan po láàárín ìdì, kí orí àti ìdí rẹ̀ lè di ìwé méjì nígbà tó bá ń ka ìdì náà ní etí kan. Ti owó tó bọ́ sílẹ̀ tún wà: ẹnì kan á ju ìdì kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹlòmíràn á he é, á ní kí ẹ wá ká lọ pín in ní kọ̀rọ̀, kí ẹ tó mọ̀, olówó á dé, á ní àfi kí kálukú kó ohun tó wà lára rẹ̀ jáde kí òun yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé gígé ló wà nínú ìdì yẹn. Ti bisikí àti ohun mímu tí àjèjì ń fúnni nínú ọkọ̀, tí èèyàn á jẹ tí yóò sùn lọ fọnfọn, oògùn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n oògùn oorun tí wọ́n ń rà ní ilé egbòogi ni. Ẹ má gbà á, bí ẹni tó fún yín tilẹ̀ jẹ nínú rẹ̀ lójú yín. Ní ti àwọn tó ń ka owó, òfin kan ló ń gbani: owó tí ẹ bá ti gbà tí ẹ ti kà kò gbọdọ̀ padà sí ọwọ́ ẹni tó fún yín. Bó bá dín, kó fi èyí tó kù lé yín lọ́wọ́. Bó bá takú pé àfi kí òun gba gbogbo rẹ̀, ẹ dá a padà fún un pátápátá kí ẹ máa lọ. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹ gba tirẹ̀ kí ẹ kà á tán kí ẹ tó yọ tiyín rárá.

Ọ̀já tí ẹ ń so mọ́ ìdí sàn ju sákì (àpò) ọwọ́ lọ, èyí dá mi lójú. Àbùkù rẹ̀ ni pé gbogbo owó ló wà níbẹ̀, títí kan owó ọkọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ sanwó fún ọlọ́kadà zemidjan, ẹ ní láti yíra sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ gbé ìró, kí ẹ tú ọ̀já, kí ẹ fa 10,000 yọ. Kí ẹ tó ró ìró tán, gbogbo gáréèjì ti mọ ibi tó wà. Ẹni tó bá ti mọ ibi tó wà kò ní láti kánjú. Ó lè bá yín wọ ọkọ̀ kan náà, kó jókòó tì yín, kó máa dúró de oorun. Ohun kejì ni pé ọ̀já a máa tú. Ẹni tó ti jókòó fún wákàtí méjì, tó sọ̀ kalẹ̀ ní Àjàṣẹ́ láti tọ̀, tó tú ìró tó sì tún un ró wéréwéré torí pé awakọ̀ ń fun fèrè, kò ní mọ̀ bí ìdì kan bá yọ́ bọ́ sílẹ̀. Púpọ̀ nínú owó tí a ń pè ní owó tí olè jí, ilé ìgbẹ́ ló wà, tàbí ibi àlùwàlá, tàbí ibi tí a ti ń wọn aṣọ wò. Ẹ bi ẹnìkejì yín bóyá ó tọ̀ lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká wá pín 600,000 náà bó ṣe yẹ kó rìn. Kí 450,000 má bá yín wọ ọkọ̀ rárá. Orí fóònù tàbí báǹkì ni kó gbà lọ, mo ń bọ̀ lórí ìyẹn. Kí 110,000 wà lára yín níbi tí ọwọ́ ẹlòmíràn kò lè dé, tí ẹ̀yin fúnra yín kò sì ní fọwọ́ kàn títí ẹ ó fi dé ìsọ̀ tí ẹ fẹ́ rà lọ́wọ́ wọn. Kí 30,000 wà níbòmíràn tó jìnnà sí i, bíi àpò kékeré tí ẹ rán sínú bùbá lápá òsì, kí ẹ fi píìnì dè é. Owó ìpadàbọ̀ nìyẹn, àti owó ibi tí ẹ máa sùn bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lọ́nà. 10,000 tó kù ni kó wà nínú pọ́ọ̀sì kékeré tí gbogbo ayé lè rí. Láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kí ẹ ti ṣẹ́ ẹ: ìwé 1,000 márùn-ún, ìwé 500 mẹ́fà, kí 2,000 tó kù jẹ́ ẹyọ owó 200, 100 àti 50. Ẹni tó bá ní ṣẹ́ńjì lọ́wọ́ kò ní yọ owó ńlá lójú ọ̀nà. Nínú gbogbo ohun tí mo ń sọ, èyí ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú jù, òun sì ni àwọn èèyàn kì í kà sí, nítorí ṣẹ́ńjì ṣọ̀wọ́n, wíwá a sì máa ń súni. Ẹ má sì jẹ́ kí ìwé 10,000 wọ pọ́ọ̀sì yẹn láé. Ní ìdájí, ìwé pupa tó ní ràkúnmí, tó jẹ́ 1,000, lè jọ èyí tó ní ẹyẹ, tó jẹ́ 10,000, lójú ẹni tó ń kánjú, odo kan péré ló sì wà láàárín wọn.

Ibi tí 110,000 náà máa wà ni mo fẹ́ ká fara balẹ̀ sí. Àwọn ìyá wa àtijọ́ ti yanjú rẹ̀ fún wa: tòbí ni wọ́n ń wọ̀ sábẹ́ ìró, àpò owó sì wà lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ìsinsìnyí ti pa á tì, sákì ni wọ́n ń kó owó sí. Ó dùn mí, nítorí kò tíì sí ohun tó dára jù ú lọ. Ẹ ní kí télọ̀ yín rán yẹ̀rì òwú tó nípọn díẹ̀, kó dé orúnkún, kó ní okùn ní ìbàdí. Rọ́bà nìkan kò tó, nítorí ó máa ń rọ̀ bí ìfọṣọ bá ti pọ̀. Kó rán àpò méjì sí i, ọ̀kan lórí itan ọ̀tún, ọ̀kan lórí itan òsì. Kó má rán an sẹ́yìn, nítorí ohun tó bá bọ́ lẹ́yìn yín, ojú yín kò ní tó o. Kí àpò kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 12, kó jìn tó 18. Síìpù oníke ni kó fi sí ẹnu rẹ̀ lókè, nítorí onírin máa ń gé ìwé owó, ó sì máa ń họ ara. Kó fi aṣọ bo síìpù náà, kó sì rán ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí igun ìsàlẹ̀ ló ń kọ́kọ́ tú. Ìwé 10,000 mọ́kànlá ni 110,000: ẹ kó mẹ́fà sí ọ̀tún, márùn-ún sí òsì. Bó bá ju 15 lọ nínú àpò kan, á yọ gọngọ lára ìró. Ẹ fi ọ̀rá wé e kí ẹ tó kó o sí i. Owó tó bá mu òógùn láti àárọ̀ dé ọ̀sán á rọ̀, á lẹ̀ mọ́ra, á fàya níbi tí ẹ ti ń yà á, ìwé tó ya sì máa ń dá ìjà sílẹ̀ lọ́jà. Tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ ní kí onísọ̀ fún yín láyè lẹ́yìn ìkélé. Ẹ má sì máa fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò lójú ọ̀nà bóyá ó ṣì wà. Ọwọ́ tó ń lọ síbẹ̀ lemọ́lemọ́ ló ń fi ibi tó wà han olè.

Nínú ọkọ̀, láti Kétu gba Pọ̀bẹ́ àti Ṣàkẹ́tẹ́ dé Àjàṣẹ́, kó tó kan Kútọnu, ọ̀nà náà ju kìlómítà 100 lọ, oorun á sì kun èèyàn. Ilẹ̀ ni kó mọ́ kí ẹ tó gbéra. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ oníṣòwò fẹ́ràn ìdájí, kí wọ́n lè tètè dé ọjà, ṣùgbọ́n òkùnkùn ni àwọn tó ń dá ọkọ̀ lọ́nà fẹ́ràn pẹ̀lú. Ẹ máa yí ọjọ́ yín padà: bí ẹ bá lọ lọ́jọ́ Ajé lẹ́ẹ̀kan, ẹ lọ lọ́jọ́rú nígbà mìíràn. Ẹni tó ń ṣọ́ oníṣòwò sábà máa ń jẹ́ ẹni tó mọ ìrìn rẹ̀: ọmọ ìsọ̀ tó ti kúrò, aládùúgbò, ẹni tí a jọ ń dá àjọ. Nítorí náà, ẹ má gba ìpè owó nínú ọkọ̀. "Mo ti gbà á, ó pé" tí ẹ sọ sínú fóònù, ẹni mẹ́fà ló gbọ́ ọ. Kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ ya nọ́ńbà rẹ̀ ní fọ́tò, kí ẹ fi ránṣẹ́ sílé, kí awakọ̀ náà sì rí i pé ẹ yà á. Kí àpò ọwọ́ yín wà láàárín ẹsẹ̀ yín méjèèjì, kí ẹ fi okùn rẹ̀ kọ́ orúnkún. Àpò orí itan máa ń yọ̀ bọ́ nígbà tí oorun bá dé. Tí ẹ bá jókòó sẹ́bàá fèrèsé, fóònù kò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ yín níbi tí ọkọ̀ bá ti ń rọra lọ.

Ti zemidjan ló ń ṣe àwọn èèyàn léṣe jù ní Kútọnu. Olè á wá lórí ọ̀kadà mìíràn, láti apá òsì níbi tí àwọn ọkọ̀ yòókù ń gbà, á fa àpò, á sì sáré lọ. Bí okùn àpò bá wà lọ́rùn yín, ẹ̀yin ni yóò fà bọ́ sílẹ̀. Apá kíkán àti orí fífọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé àpò náà sáàárín àyà yín àti ẹ̀yìn ẹni tó ń wa ọ̀kadà, kí okùn rẹ̀ má sí lọ́rùn. Bí wọ́n bá dì í mú, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ohun tó wà nínú rẹ̀ má ju 10,000 lọ. Ẹ sì bá ọlọ́kadà dúnàá-dúrà, kí ẹ yọ owó rẹ̀ sọ́wọ́, kí ẹ tó gùn ún.

Ẹ wàyí o, MoMo. Ọmọ yín tọ̀nà. "Gbogbo owó" tó sọ nìkan ni n kò fara mọ́, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì a máa lọ, fóònù a sì máa kú. Èyí tó dára jù nínú rẹ̀ ni pé kí ẹ san owó ọjà láti orí fóònù yín sí orí fóònù ẹni tí ẹ rà lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ka aṣọ yín tán. Owó náà kò ní di ìwé rárá, kò sí ẹni tó máa rí i. Ẹ béèrè kí ẹ tó kúrò ní Kétu bóyá MTN MoMo ni wọ́n ń lò, tàbí Moov Money, tàbí ti Celtiis, nítorí ó rọrùn jù kí ẹ̀yin méjèèjì wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ kan náà. Ẹ fi 1,000 ránṣẹ́ ná. Ẹ ka orúkọ tó bá jáde kí ẹ tó tẹ kóòdù, kí onísọ̀ náà fi fóònù rẹ̀ hàn yín pé ó ti wọlé, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ìyókù ránṣẹ́. Bí ìdáhùn kò bá tètè dé, ẹ má tún un tẹ̀. Ẹ wo iye tó kù lórí àpò yín lákọ̀ọ́kọ́, nítorí ó lè ti lọ. Iye tí àpò orí fóònù kan lè gbà àti iye tó lè fi ránṣẹ́ lóòjọ́ ní ààlà, ó sì wà lọ́wọ́ bí ẹ ṣe forúkọ sílẹ̀. Ẹ bi aṣojú wọn ní Kétu, kó má jẹ́ ojú ọjà ni ẹ ti máa mọ̀.

Bí onísọ̀ bá ní ìwé owó lòun fẹ́, ibi tí ẹ ti máa gbà á ni kí ẹ rò dáadáa. Aṣojú kékeré tó jókòó sábẹ́ agbòòrùn lè má ní 200,000 lọ́wọ́. Á ní kí ẹ dúró, á rán ọmọ níṣẹ́, ọmọ náà á máa béèrè káàkiri. Kó tó padà dé, gbogbo àdúgbò ti mọ̀ pé ìyá kan ń dúró gba owó. Ẹ wọ inú ọ́fíìsì tó ní ilẹ̀kùn, ní òwúrọ̀, kí ẹ sì gba ìwọ̀n tí ẹ máa ná nínú wákàtí yẹn. Owó tí wọ́n ń yọ lórí gbígbà máa ń dun oníṣòwò, mo mọ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ mọ́ owó ọkọ̀, bí ẹ ṣe ń ṣírò owó alábàárù.

Kóòdù ìkọ̀kọ̀ yín kò gbọdọ̀ jẹ́ ọdún tí wọ́n bí yín tàbí tí wọ́n bí ọmọ yín. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń gbé fóònù fún aṣojú pé kó bá àwọn tẹ̀ ẹ́, tí wọ́n á sì pe kóòdù náà sókè. Bí kíkà bá ṣòro, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kọ́ yín nílé ní ìgbà mẹ́wàá, títí ìka yóò fi mọ ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ẹ̀wẹ̀, ẹ ní kó fi kóòdù mìíràn sí káàdì SIM fúnra rẹ̀, nínú ètò fóònù. Bí olè bá jí fóònù, káàdì ló máa yọ, á tì í bọ fóònù tirẹ̀; kò lè mú owó láìní kóòdù MoMo, ṣùgbọ́n á máa gba ìpè yín, á gba WhatsApp yín, á máa tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn ará yín ní orúkọ yín. Káàdì tó ní kóòdù kò ní ṣí fún un. Èyí tó wà lórí káàdì tuntun sábà máa ń jẹ́ 0000 tàbí 1234, kí ó yí i padà. Ìgbà mẹ́ta péré ni èèyàn lè ṣì í tẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ńbà PUK tó wà lára ike tí káàdì náà bá wá ló máa ń béèrè, bí ẹ bá sì ṣi ìyẹn tẹ̀ nígbà mẹ́wàá, káàdì náà ti kú nìyẹn. Ilé ni kí ike yẹn wà. Kí ọmọ náà tún fi nọ́ńbà mẹ́fà ti ìfìdímúlẹ̀ sí WhatsApp yín. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá wọlé pé ẹnì kan fi owó ránṣẹ́ sí yín, tí ẹni náà sì pè pé òun ṣèèṣì ni, pé kí ẹ jọ̀ọ́ dá a padà fún òun, ẹ má fèsì. Ẹ wo iye owó tó wà lórí àpò yín. Àtẹ̀jíṣẹ́ ẹ̀tàn lè wá láti ibikíbi, kò lè yí iye yẹn padà.

Báǹkì náà wà: kí ẹ fi owó sílẹ̀ ní Kétu, kí ẹ gbà á ní ẹ̀ka báǹkì kan náà ní Kútọnu. Ó ṣeé fọkàn tán, ṣùgbọ́n ìlà máa ń gùn, wákàtí wọn sì kúrú, ẹnu ọ̀nà báǹkì sì jẹ́ ibi tí àwọn kan ti máa ń tẹ̀lé ẹni tó gbowó. Bí ẹ bá gbà á níbẹ̀, ẹ kó o sínú tòbí kí ẹ tó jáde, ẹ má sì gun ọ̀kadà tó ti ń dúró síwájú ibẹ̀.

Ní ti awakọ̀ tí ẹ̀gbọ́n yín sọ, n kò ní sọ pé kò sí olóòótọ́ nínú wọn. Púpọ̀ nínú wọn ń gbé àpòòwé láti ìlú dé ìlú láìdín kọ́bọ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé olóòótọ́ náà kò lè dáàbò bo owó yín ju bí ẹ̀yin ṣe lè ṣe lọ. Wọ́n á dá ọkọ̀ rẹ̀ dúró, yóò sọ̀ kalẹ̀ tún táyà ṣe, ọmọ ọkọ̀ á ṣí àpótí iwájú. Bí owó bá wá dín, ẹ kò ní ẹ̀rí, òun náà kò ní, àárín yín á sì bàjẹ́. 20,000 tàbí 30,000, ẹ lè fi rán an, kó kà á lójú yín. Owó ọjà, rárá.

Ọ̀nà Ìlárá sí Abẹ́òkúta yàtọ̀. Owó tó wà lórí nọ́ńbà Benin yín, ẹ kò lè gbọ́kàn lé e pé ẹ ó rí aṣojú tó máa san án fún yín ní Abẹ́òkúta, nítorí náà ìwé owó ni ẹ máa gbé. Ẹ jẹ́ kó kéré. Ẹ lọ lẹ́ẹ̀mejì dípò ẹ̀ẹ̀kan bí ó bá gba bẹ́ẹ̀. Kétu ni kí ẹ ti ṣẹ́ owó, lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ mọ ìsọ̀ rẹ̀, kì í ṣe lẹ́nu bodè níbi tí wọ́n ti ń kí yín mọ́lẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta kí ẹ tó ṣẹ́ ẹ, kí ẹ sì mọ ohun tí wọ́n ń pè. Ẹnì kan á pe iye náírà tí 1,000 sẹ́fà ń mú wá, ẹlòmíràn á pe iye sẹ́fà tí 1,000 náírà ń mú wá. Ẹni tí kò bá fetí sílẹ̀ á gba iye tó burú, á sì rò pé ó jèrè. Fóònù tiyín ni kí ẹ fi ṣírò, ẹ má wo tiwọn. Bí ẹni tó ti Gabon tàbí Kamẹrúùnù dé bá fẹ́ fi sẹ́fà ibẹ̀ san owó aṣọ fún yín, ẹ má gbà á. Orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, iye kan náà ni wọ́n sì fi so wọ́n mọ́ owó yúrò, 655.957 sí yúrò kan, ṣùgbọ́n a kì í ná ti ọ̀hún níbí. Ẹ má tọ́jú náírà púpọ̀ sílé pẹ̀lú. Nígbà tí Nàìjíríà yí ìwé 200, 500 àti 1,000 padà ní ìparí 2022, ọjọ́ tí wọ́n dá fún ti àtijọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn tó ní i nílé, kí ilé ẹjọ́ gíga jùlọ ibẹ̀ tó ní kí wọ́n ṣì máa ná an. Ẹ má sì kó ìwé ìdánimọ̀ yín sínú pọ́ọ̀sì owó. Gbogbo ibi tí ọlọ́pàá àti aṣọ́bodè bá ti dá yín dúró ni ẹ máa yọ ọ́, kò yẹ kí owó máa yọjú pẹ̀lú rẹ̀.

Góòlù àti iyùn, ilé ni kí ẹ fi wọ́n sí lọ́jọ́ ọjà. Tó bá jẹ́ òde ìyàwó lẹ ń lọ, ẹ wé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sínú aṣọ òwú, ẹ kó wọn sínú tòbí, kí ẹ wọ̀ wọ́n bí ẹ bá débẹ̀. Yẹtí tí wọ́n bá já gbà máa ń fa etí ya.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pélébé, kó wà pẹ̀lú 30,000 yẹn, nítorí ohun tó wà nínú fóònù ti bá fóònù lọ. Nọ́ńbà ọmọ yín, nọ́ńbà ìtọ́jú oníbàárà ti ilé iṣẹ́ fóònù yín, àti nọ́ńbà ẹnì kan tó ń gbé Kútọnu ni kí ẹ kọ síbẹ̀. Ẹ tẹ *#06# nílé nísinsìnyí. Nọ́ńbà 15 tó jáde ni ti fóònù yín, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ sílé. Bí wọ́n bá jí i, ẹ yá fóònù ẹlòmíràn, kí ẹ kọ́kọ́ pe ilé iṣẹ́ náà pé kí wọ́n ti nọ́ńbà àti àpò owó pa, lẹ́yìn náà kí ẹ pe ọmọ yín kó kìlọ̀ fún gbogbo ará pé ẹnikẹ́ni tó bá tọrọ owó lórúkọ yín, irọ́ ni. Ẹ wá lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láti gba ìwé pé ó sọ nù. Ìwé yẹn lè má dá ohunkóhun padà fún yín, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi nọ́ńbà yín lu ẹlòmíràn ní jìbìtì lọ́jọ́ kejì, òun ni ẹ̀rí yín. Ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ dání lọ gba káàdì mìíràn.

Gbogbo èyí kò lè dá ìbọn dúró. Bí wọ́n bá dá ọkọ̀ lọ́nà, ẹ fún wọn ní pọ́ọ̀sì. Bí wọ́n bá béèrè ìyókù, ẹ fún wọn ní ìyókù. 450,000 kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìyẹn náà ni gbogbo ohun tí ètò yìí lè ṣe fún yín.

Ọmọ yín ọkùnrin ńkọ́? Tó bá jẹ́ pé kó kàn jókòó tì yín, kó máa wo ojú fóònù, kí ó dúró nílé. Ilé ló ti wúlò jù, kí fóònù rẹ̀ wà ní títàn, kí nọ́ńbà ọkọ̀ àti ike SIM yín sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹrù yín bá pọ̀, ẹ mú un dání, ṣùgbọ́n ẹ má jọ jókòó, ẹ má sì jẹ́ kó máa pè yín ní ìyá nínú ọkọ̀. Kí ó jókòó sẹ́yìn, kó máa wo àwọn tó ń wò yín. Tí ẹ bá dé Kútọnu, òun ni kó dúró ti ẹrù, kí ẹ̀yin wọlé lọ sanwó. Ẹ fi 100,000 péré gbìyànjú ètò yìí lẹ́ẹ̀kan kí ẹ tó gbé 600,000, kí ẹ lè mọ bí tòbí náà ṣe ń jókòó lára yín, àti ibi tí síìpù ti ń há.